Ilé Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn, àti Ohùn Mi Tí Mo Fi Sínú Àwọsánmà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò fẹ́ kí n gbé òun sókè mọ́. Ní àràárọ̀, nígbà tí kùrukùru bá ṣì bo orí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, tí ojú kò lè mọ ibi tí àpáta parí sí àti ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jáde sí ẹnu-ọ̀nà ilé wa láti pe orúkọ àwọn baba wa. Màá pe orúkọ kan, màá dákẹ́. Ibi tí mo dákẹ́ sí yẹn, ẹnì kan ló yẹ kó dá mi lóhùn. Kò sí níbẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ló ń dá mi lóhùn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ọ̀fun. Ẹni tó yẹ kó dá mi lóhùn wà ní Adido, ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin, èmi ni mo sì lé e lọ síbẹ̀. N kò gbé igi, n kò bú u. Ìka mi kan ṣoṣo ni mo fi tẹ ojú gíláàsì, ẹ̀yìn náà ni ilé dàrú.

Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí ilé wa jẹ́. Ẹsẹ̀ òkè ló wà, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Plató. Nígbà ogun àtijọ́, àwọn ènìyàn wa sá gun orí òkè, wọ́n fara pamọ́ sáàárín àpáta. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni méjì lè dé lónìí, kí ẹnì kan tún yọ lẹ́yìn òjò mìíràn. Baba tó tún ilé kọ́ sọ pé wọn kò gbọdọ̀ so ilẹ̀kùn mọ́ ẹnu-ọ̀nà ìta títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé. Ta ló wá mọ ẹni ìkẹyìn? Títí di òní, òkúta ńlá méjì àti igi àtẹ́rígbà kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi páànù tuntun bo ilé, wọ́n ti fa iná mànàmáná wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ilé wa tó jẹ́ dábàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wọlé, a ó kọ́kọ́ ní kó káàbọ̀, kí a tó bi í pé ta ni.

Bí wọ́n bá bímọ nílé wa, ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde, obìnrin méjì ló máa ń dúró ní ẹnu-ọ̀nà yẹn. Ọ̀kan yóò máa pe orúkọ àwọn tó ti lọ, láti orí ẹni àkọ́kọ́ wá sísàlẹ̀. Bó bá ti pe ọ̀kan, èkejì yóò dáhùn pé, "Ó ti wọlé." Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí orúkọ yóò fi kan ọmọ tuntun náà. Èmi ni mo ń pè. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tirẹ̀ ló kọ́ òun. Mo lọ sí kòlẹ́ẹ̀jì nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ kò pọ̀, mo ka Faransé débi tí mo fi máa ń tún lẹ́tà àwọn ọkùnrin kọ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìwé kankan tó orúkọ àwọn ènìyàn wa tí mo gbé sórí. Mo lè jókòó síbi kan kí n ka ìran wa bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹ má bínú, mo máa ń fọ́nnu. Ẹni tó ń dá mi lóhùn ni Ayọ̀ká, àbúrò mi nínú ilé, ọmọ ẹni tí bàbá mi ń pè ní arákùnrin. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju tèmi lọ. Bó bá sọ pé "Ó ti wọlé," ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni náà lórí yanrìn àgbàlá.

Ní ọjọ́ kan tí a ń gbé ọmọ kan jáde, mo dé àárín ìpè, orúkọ tó kàn sì pòórá. Mo ṣí ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ayọ̀ká rí mi. Ó yára wúkọ́, ó fi ìborùn nu ẹnu, lábẹ́ ìborùn náà ló ti sọ orúkọ ọ̀hún sí mi létí. Kò sí ẹni tó mọ̀. Nígbà tí a padà sínú ilé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ikọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí. Mo rí i bí ẹni pé orí mi ni àgbàlá wa, tí àwọn tí mo pè wọlé ń jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu-ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn.

Mo sọ ẹ̀rù yìí fún ọmọ mi, Felisité, tó ń ṣe olùkọ́ ní Àjàṣẹ́. Nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ó gbé pọ́tábù tuntun, fóònù alágbèéká, lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ibi tí mo lè máa sọ̀rọ̀ sí hàn mí.

"Ìyá, ẹ wò ó," ó ní. "Ohùn yín kò ní wà nínú pọ́tábù nìkan. Inú àwọsánmà ló ń lọ."

"Àwọsánmà wo? Èyí tó wà lórí òkè yìí?"

"Áà, ẹ̀yin tí ẹ lọ sí kòlẹ́ẹ̀jì! Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ni, nílẹ̀ òkèèrè. Bí pọ́tábù yìí bá já sí kànga lónìí, ohùn yín ṣì wà níbẹ̀."

"Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa."

Ó fi ibi tí wọ́n ń pè ní paramẹ́tà hàn mí, níbi tí ẹni tó ni nǹkan ti ń pinnu ẹni tó lè wọlé, ẹni tó lè gbọ́ nìkan, àti ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ó ní kí n má fi orúkọ ara mi ṣe kóòdù, ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé. Mo fi ìdajì oríkì ìyá-ńlá mi kan ṣe é, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n ara mi. Ó tún ṣe é pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi kóòdù náà wọlé láti orí ẹ̀rọ mìíràn, nọ́ńbà kan yóò kọ́kọ́ wá sórí pọ́tábù tèmi. Èmi àti òun nìkan ló fi sí i pé kí a lè wọlé. Ó ní, "Ìyá, bó bá ti bi yín pé ta ló lè wọlé, ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ pè mí." Mo mi orí bí ọ̀mọ̀wé.

Gbogbo ìgbà ọyẹ́ yẹn, mo wà lójú àlá pẹ̀lú ojú lílà. Ní ọ̀sán, bí eruku bá bo gbogbo nǹkan, tí òkè wá dà bí òjìji, màá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, màá máa sọ̀rọ̀ sínú pọ́tábù ní jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà màá gbé ojú sókè. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, Felisité ti sọ fún mi, síbẹ̀ mo máa ń rí ohùn mi tó ń gòkè bí èéfín àárọ̀, tó ń kọjá lórí àpáta, tó ń bá àwọn tó fara pamọ́ níbẹ̀ nígbà ogun. Ṣé àwa àgbà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìranù díẹ̀ ni? Mo kọ́ yàrá sínú àwọsánmà náà. Yàrá ńlá kan ni mo pè ní Ilé Wa. Nínú rẹ̀ ni mo ti pín yàrá kéékèèké fún ẹ̀ka ìdílé kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan wà ní ìkangun tí n kò fún lórúkọ. Inú rẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ kan sí, tí ìyá mi sọ sí mi létí kó tó kú, pé ẹni tó ń pe orúkọ nìkan ló gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, kó sì sọ ọ́ fún ẹni tó bá gba ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Mo lè sọ ọ́ báyìí, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ogun, ìyá-ńlá wa kan lọ pọn omi lẹ́sẹ̀ àpáta, ó rí ọmọdékùnrin kan tó ń dá rìn. Kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Kò gbé e. Ọmọ náà ló tẹ̀ lé e títí, tó wọlé láti ẹnu-ọ̀nà wa fúnra rẹ̀. Ìyá náà sọ omi kalẹ̀, ó ní, "Ẹni tí à ń dúró dè ti dé." Wọ́n bi ọmọ náà lórúkọ, ó sọ orúkọ kan tí kì í ṣe ti èdè wa. Wọ́n fún un ní orúkọ ilé, wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà bí ọmọ. Ọkùnrin yẹn ló bí bàbá Ayọ̀ká. Kì í ṣe ìtìjú ló mú kí àwọn ìyá wa fi í pamọ́. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà á sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka ọmọ ilé. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ sínú pọ́tábù, àfi orúkọ tí ọmọ náà gbé wá. Ahọ́n mi kọ̀ láti sọ ọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Abijáànì àti Librevílì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí nínú gúrúùpù ẹbí. "Ìyá àgbà, a gbọ́ pé ẹ ti gba ìtàn wa sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ o, àwọn ọmọ wa níhìn-ín kò mọ ilé." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi bí oyin. Mo ṣí ojú pọ́tábù, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Ó bi mí: ṣé àwọn tí mo bá dárúkọ nìkan ló lè wọlé, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ní okùn ọ̀nà yìí, ìyẹn líǹkì, lọ́wọ́? Faransé tó mọ́ gaara ni, mo sì ka Faransé. Ẹ wo ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọmọ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn! Ojú tì mí láti máa dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Mo tẹ "ẹnikẹ́ni." N kò pe Felisité. Kí ni mo fẹ́ pè é sí, èmi tí mo bí i? Mo rò pé yàrá ẹ̀ka bàbá mi ni mo ṣí. Yàrá ńlá ni mo ṣí, gbogbo èyí tó wà nínú rẹ̀ sì ṣí pẹ̀lú, títí kan èyí tí kò lórúkọ. Mo ju okùn náà sínú gúrúùpù, mo sì lọ sun oorun ọ̀sán. Oorun náà dùn. Mo lá àlá pé ìyá mi ń rìn nínú kùrukùru, ó ń ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn púpọ̀, ilé kankan kò sì sí lẹ́yìn wọn.

Okùn náà kò dúró nínú gúrúùpù. Ọmọ fi ránṣẹ́ sí ọkọ, ọkọ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Èmi ń gba ìkíni láti òkèèrè, mo ń wú bí búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọjọ́ tí ẹbí pàdé lábẹ́ máńgòrò nítorí oko kajú, tí Ajíbádé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti kú, fẹ́ kí wọ́n pín in. Ayọ̀ká jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ pé òun náà fẹ́ mọ ibi tó jẹ́ ti ẹ̀ka tàwọn, nítorí bàbá òun wà lára àwọn tó gbin igi náà.

Ajíbádé ní, "Àǹtí Ayọ̀ká, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ẹni tí í ṣe ọmọ ilé ná." Ó yọ pọ́tábù rẹ̀ lápò. Ohùn mi ló jáde láti inú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi yìí kan náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn ara yín láti àpò ẹlòmíràn rí? Mo ń wo ọwọ́ Ayọ̀ká nínú abọ́ ẹ̀wà. Ó ń ṣa á lọ, ó ń ṣa á lọ, títí ohùn náà fi tán.

Mo fò dìde, mo pariwo mọ́ Ajíbádé. Mo ní ọmọ ilé ni ẹni tó bá ti ẹnu-ọ̀nà wa wọlé, mo ní kò sí ẹni tí yóò mú ewé kan kúrò lórí igi bàbá Ayọ̀ká níwọ̀n ìgbà tí mo ṣì ń mí. Ó kàn ní, "Ìyá, ẹnu yín la ti gbọ́ ọ."

Ayọ̀ká yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín kọ́ nìyẹn?"

"Ohùn mi ni."

"Ó sì rí bẹ́ẹ̀?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀."

"Láti ìgbà wo ni ẹ ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí ìyá mi kú."

Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Gbogbo ìgbà tí mo ń dá yín lóhùn pé ó ti wọlé, ó ti wọlé, ẹ mọ̀ pé bàbá bàbá mi kò sí nínú wọn."

"Ó wà níbẹ̀, Ayọ̀ká. Orúkọ tí ilé sọ ọ́ ni mo ń pè."

"Orúkọ tí ilé sọ ọ́," ó tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Àbúrò mi, n kò mọ̀ pé mo ṣí i. Ṣebí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ni wá, mo rò pé..."

"Ẹnu-ọ̀nà ìta ni kò ní ilẹ̀kùn, Ẹ̀gbọ́n. Yàrá yín ní. Ìgbà wo ni mo wọ yàrá yín láì kọ́kọ́ wúkọ́?"

Ó gbọn ìyàngbò ẹ̀wà kúrò lára aṣọ, ó gbé abọ́ náà lé mi lẹ́sẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gun alùpùpù lọ sí Adido. Ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, ibẹ̀ ló gbà jáde.

Felisité dé lẹ́yìn náà. Kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó fa pọ́tábù sáàárín wa, ó sì jẹ́ kí ìka tèmi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo sọ okùn náà di asán, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tún tẹ̀ ẹ́, ògiri ni yóò bá. Mo wo àwọn ẹ̀rọ tó ti gba ọ̀nà wa wọlé, mo lé èyí tí n kò mọ̀. Mo gbé yàrá tí kò lórúkọ kúrò nínú yàrá ńlá, kí ṣíṣí ọ̀kan má baà jẹ́ ṣíṣí èkejì mọ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó lè wọ ibì kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé, "Èyí tó wà lápò Ajíbádé ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá, ohun tí wọ́n bá ti gbé jáde, a kò lè pè é padà. Ilé tiwa nìkan la lè tì." Lórí òkè, àwọsánmà gidi kan ń kọjá, kò ru ohunkóhun.

Felisité tún fi ibì kan hàn mí tí mo ti lè pààrọ̀ ẹni tó ni nǹkan. Ó rò pé òun ni màá fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní rárá, orúkọ Ayọ̀ká ni kó kọ. Yàrá tí kò lórúkọ yẹn, mo fi lé Ayọ̀ká lọ́wọ́ pátápátá: òun ló lè pa á rẹ́, òun ló lè ti èmi pàápàá mọ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Adido bá a gba ìwé ìpè tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí i sórí pọ́tábù. N kò gbọ́ nǹkan kan. Àárọ̀ ń mọ́, kajú so, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, mo ń wo pọ́tábù bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà.

Lánàá ni mo rí i pé ó ti wọlé síbẹ̀. Kò pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Kò tì mí mọ́ta. Ó fi ohùn tirẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ìgbálẹ̀ tó ń fa ilẹ̀ níbì kan, àti àkùkọ tó kọ. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́. Bí ó ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi gan-an ni. Ó ní, "Ó ti wọlé." Ó dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó máa ń gbà mí láti pe orúkọ kan. "Ó ti wọlé." Ó tún dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń dáhùn lọ, ó ń fi àyè mi sílẹ̀ fún mi, mo sì ń pe àwọn orúkọ náà sínú àyè yẹn pẹ̀lú omi lójú. A dé ibi tí ó kan bàbá bàbá rẹ̀. Kò dáhùn. Mo rò pé ó ti parí. Ohùn rẹ̀ wá padà, ó rọ̀ bí ti àtijọ́: "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ilé sọ ọ́, mo ti gbọ́. Kí ni èyí tó gbé wá? Ẹ pè é, kí n mọ bóyá mo lè dáhùn."

Ẹ̀yin tí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi, bí ẹ bá ní ohùn òkú kan, àwòrán ọmọ kan tàbí àṣírí ilé kan nínú àwọsánmà, ẹ lọ wo ẹni tí ẹ gbà láyè síbẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìgbéraga dí yín lọ́wọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí èyí tó kù. Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé kí n tó pe orúkọ náà, àbí kí n pè é ná, kí n sì gba ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e? Bí ó bá gbọ́ ọ tí kò dáhùn ńkọ́? Ẹ yára gbà mí nímọ̀ràn, nítorí n kò ní sọ orúkọ yìí sínú pọ́tábù, n kò sì ní rán ọmọ sí i. Kùrukùru ṣì bo òkè bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọlọ́kadà ti dé ẹnu-ọ̀nà wa, ó ń béèrè bóyá Adido ni mò ń lọ, èmi kò sì lè dá a lóhùn, torí orúkọ náà ti wà lẹ́nu mi.